Àǹtí, Ẹ Kọ́kọ́ Pa Sípíkà Yẹn Ná

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́ ní Ìbàdàn, ọmọ 47 ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ti bíréèkì wọlé báyìí, ó di kí n pariwo títí ohùn mi á fi há kí wọ́n tó jókòó. HM wa, ìyẹn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, ra sípíkà kékeré kan, wọ́n ní kí n máa fi fóònù gbé ìró omi àti ìró ẹyẹ sí i, pé ó ń mú ọkàn ọmọdé rọlẹ̀. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ kẹta, ariwo wọn tún wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ìró yẹn ni kò dáa ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò? HM ní kí n máa tàn án láti àárọ̀ títí di ìgbà tí a bá ṣíwọ́."

Ẹ kú làálàá o, Àǹtí. Ọmọ 47! Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé ọmọ 35 ló yẹ kí olùkọ́ kan máa kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ kíláàsì wa rí mọ̀ pé inú ìwé ni ìyẹn wà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ẹ kọ́kọ́ pa sípíkà yẹn ná. Kì í ṣe pé ó burú, n ó sì sọ ohun tí ẹ lè fi ṣe kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ ń fi ìró bo ariwo, ariwo kì í sì í gbà kí a bo òun.

Dókítà ará Faransé kan, Étienne Lombard, ló ṣàlàyé èyí lọ́dún 1911. Ó ṣàkíyèsí pé bí a bá da ariwo sí ènìyàn létí, onítọ̀hún á gbé ohùn sókè láìmọ̀. Bí ariwo náà bá dáwọ́ dúró, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lọ ata nílẹ̀ wa tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń lọ ata àti ẹni tó gbé ata wá kò bá ara wọn jà, síbẹ̀ ṣe ni wọ́n ń jágbe mọ́ra wọn títí ẹ̀rọ á fi kú. Ọjọ́ kìíní, ìró omi inú sípíkà yín ṣì jẹ́ tuntun, àwọn ọmọ dákẹ́ láti mọ ibi tó ti ń wá. Ọjọ́ kejì, wọ́n ṣì ń wò ó. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti di ara ilé, bíi fáànù, bíi jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Wọn ò gbọ́ ọ mọ́, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí gbọ́dọ̀ gbé ohùn ga ju omi lọ. N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ẹ fi kún ìró yẹn, àwọn náà sì fi kún tiwọn.

Ìró kan lè dùn kó má sì tu ọmọ lára. Ohun tó ń mú ọmọ rọlẹ̀ ni pé kó rí ohun tí yóò dẹtí sí, kí ohun náà sì máa lọ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní sí mọ́. Ìró tó ń kú lọ ni kí ẹ máa wá. Èyí tí kò ní òpin, ariwo mìíràn ni.

Bí mo ṣe mọ èyí rèé. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn olùkọ́. Ọdún kan, kíláàsì kìíní tí wọ́n gbé fún mi le bí ojú ẹja. Agogo onírin kékeré kan wà nílé wa, irú èyí tí a ń lù sí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo so okùn mọ́ ọn, mo mú un dání lọ. Bí wọ́n ṣe ti bíréèkì wọlé, n kò pe ẹnikẹ́ni pé kó dákẹ́. Mo gbé agogo sókè, mo dúró. Àwọn ti iwájú rí i, wọ́n ń fi ìgúnpá gún ara wọn. Mo wá sọ fún wọn jẹ́jẹ́ pé: "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni n ó lù ú. Ẹ dijú. Nígbà tí o kò bá gbọ́ ọ mọ́ rárá, na ìka kan sókè. Má sọ nǹkan kan."

Mo lù ú. Ìka méjì, mẹ́ta ló kọ́kọ́ yọ, kí n tó ṣẹ́jú ó ti di ogún. Ọmọkùnrin kan wà níwájú tí kò na tirẹ̀ bọ̀rọ̀. Ìró agogo ti lọ tán lójú tèmi, ó ṣì dijú pa. Mo bi í, ó ní òun ṣì ń gbọ́ ọ "nínú orí." Mi ò já a nírọ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọ kíláàsì náà, mo gbọ́ adìẹ tó ń tan ilẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Mo fi ohùn tí mo fi ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ nígbà tí ọmọ bá ti sùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò, wọ́n sì gbọ́ mi dé ẹ̀yìn.

Okùn tí mo sọ yẹn ṣe pàtàkì o. Bí ẹ bá fi ọwọ́ di ara agogo mú, ọwọ́ yín á pa ìró rẹ̀, á dún "kọ́" bí ìgbà tí a fi òkúta lu páànù. Ẹ gbé e rọ̀, kí ó lè gbọ̀n. Bí ẹ kò bá rí agogo, àwo idẹ tàbí ìdérí ìkòkò tó dún gbọnrangandan á ṣe é. Ẹ má lo rímù ọkọ̀ tí wọ́n so sábẹ́ igi tí a fi ń pe àpèjọ o. Ìyẹn wà fún gbogbo àdúgbò.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ nínú eré yẹn tí n kò retí. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń la ojú kan díẹ̀, á wo ìka àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó tó na tirẹ̀. Mo rò pé ojú ló ń yọ́ wò bí ọmọdé. Ní ọjọ́ kẹrin mo ní kó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Agogo dún, ó dákẹ́, gbogbo ìka yọ, tirẹ̀ kò yọ, nítorí kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti lù ú. Etí rẹ̀ ọ̀tún ń ṣọyún, ìyá rẹ̀ sì ń kán àdín gbígbóná sí i. Mo ti fi odindi táàmù kan pe ọmọ yẹn ní olórí kunkun. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ń ṣe eré yìí, ẹ máa fojú sílẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ nǹkan, ẹ jẹ́ kí òbí gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, kí wọ́n má kán ohunkóhun sí i nílé, kí ẹ sì mú un wá sí ìjókòó iwájú, kí etí tó ń gbọ́ràn kọjú sí yín.

Èmi kọ́ ni mo dá eré dídákẹ́ sílẹ̀ o. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní àdúgbò San Lorenzo nílùú Róòmù lọ́dún 1907, sọ bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó gba ọmọ ọwọ́ olóṣù mẹ́rin lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e wọ kíláàsì, ó ní kí àwọn ọmọ wò bó ṣe dákẹ́ tó, kí wọ́n wò ó bí wọ́n á lè dákẹ́ bíi tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó máa ń bọ́ sí yàrá kejì, á máa fi ohùn wúyẹ́wúyẹ́ pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá gbọ́ tirẹ̀ á dìde, á rọra rìn wá bá a láìjẹ́ kí àga kankan dún. Ẹ wò ó pé àwọn ọmọ tálákà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní aláìgbọràn ni wọ́n.

Àwa Yorùbá lè ṣe ju èyí lọ, torí pé orúkọ wa ní orin nínú. Ẹ pa ètè dé, kí ẹ kùn ún. Ẹ má pe orúkọ náà, ohùn rẹ̀ nìkan ni kí ẹ mú jáde nímú: mí mí dò. Táíwò á dìde. Mí dò mí: Kẹ́hìndé. Bí ẹ bá kùn dò dò mí, ẹ óò rí ẹ̀rín, torí Àjàní á dìde, Àbẹ̀ní á dìde, Àlàbí àti Ìdòwú náà á dìde, wọ́n á sì máa wo ara wọn lójú. Ẹ ní kí wọ́n jókòó, kí ẹ wá fi ohùn wúyẹ́wúyẹ́ pe ẹnì kan nínú wọn. Ọmọ tó ń dẹtí fún ohùn orúkọ rẹ̀ kò lè máa pariwo, kò sì sí ẹni tó ní kó má pariwo. Mo ti rí olùkọ́ tó fi eré yìí tò wọ́n sórí ìlà láti lọ sílé láìsọ gbólóhùn kan.

Kíkùn fúnra rẹ̀ tún ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ara. Bí ọmọ bá ti sáré ní bíréèkì, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì, èémí rẹ̀ kúrú. Èémí tí à ń mí síta, bó bá gùn ju èyí tí à ń mí sínú lọ, ó máa ń dá ọkàn lẹ́kun, ọkàn á rọra máa lù. Ẹ lè sọ fún ọmọ ọlọ́dún méje pé "mí síta fún ìgbà pípẹ́," kò ní yé e. Ẹ wá ní kó kùn bí oyin títí oyin á fi wọ inú ilé rẹ̀. Ó ti mí síta fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti ń gbọ̀n. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá kì í fi etí nìkan gbọ́ orin tí ìyá ń kọ, ẹ̀yìn ìyá náà ń gbọ̀n mọ́ ọn láyà. Ohun tí à ń dá padà fún un nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún tó. Bó bá pọ̀ jù, oyin á di eré, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ara wọn.

Ní ti irú ìró tí ẹ ń yàn, ẹ ronú ohun tí ìró kọ̀ọ̀kan ń sọ fún ọmọ ilẹ̀ wa. Àwọn tó ń gbé ìró wọ̀nyẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ ilé wa. Mo ti tan ìró òjò rí fún kíláàsì kan ní oṣù kejì, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ọmọ kan dìde, ó ní kí n jẹ́ kí òun sáré délé, ìyá òun sá ẹ̀lúbọ́ síta. Mo tan ìró odò, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta ọmọ mẹ́fà ti nawọ́ pé àwọn fẹ́ tọ̀. Olùkọ́ kan tí mo ń tọ́ sọ́nà sì tan ìró igbó lálẹ́, òwìwí ké nínú rẹ̀, ó di ẹkún. Ta ni ẹ fẹ́ sọ fún pé ẹyẹ ara Amẹ́ríkà ni?

Ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín, tí wọ́n ń rí bó ṣe ń dún, ló dára jù. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí a kò lù, tí a kàn ń yí nílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí ẹyọ ara rẹ̀ máa yọ̀, ń mú ojú ọmọ kún fún oorun. Agídìgbo dára bí ẹ bá rí ẹni tó lè ta á jẹ́jẹ́. Dùndún àti gángan ńkọ́? Ẹ má lò wọ́n fún ìsinmi. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n, ọmọ tó gbọ́ Yorùbá á máa wá ohun tí ìlù ń wí, ọpọlọ rẹ̀ kò ní sinmi. Ẹ fi wọ́n pè wọ́n jọ. Bákan náà ni orin tó ní ọ̀rọ̀. Orin àlọ́ dára nígbà tí wọ́n bá ń kó ìwé tàbí tí wọ́n ń tò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣí ìwé kíkà, kí orin dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ń wọ etí àti ọ̀rọ̀ tí ojú ń kà, ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà wọ orí.

Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi WhatsApp tàn yín pé orin Mozart, olórin òyìnbó ayé àtijọ́, ń sọ ọmọ di ọlọ́gbọ́n. Mo mọ̀ pé ó máa kàn yín láìpẹ́ bí kò bá tíì kàn yín. Ìwádìí tó bí ọ̀rọ̀ yẹn jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan, lọ́dún 1993. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga 36 ni wọ́n lò, kò sí ọmọdé kankan níbẹ̀. Wọ́n ṣe dáadáa díẹ̀ sí i nínú irú ìdánwò kan ṣoṣo, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà ó ti pòórá. Lọ́dún 1998, gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ti ń béèrè owó láti fi ra orin fún gbogbo ọmọ tuntun. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe ń sáré ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sí yàrá yín, torí ibẹ̀ ni mo rò pé ìṣòro ńlá wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 1999 pé ariwo tó ń wọ kíláàsì nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ kò yẹ kó ju dẹ́síbẹ̀lì 35 lọ (dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe ń dún tó). Ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì jọ ń sọ wọ́ọ́rọ́wọ́ tó nǹkan bí 60. Òpópónà, jẹnẹrétọ̀, kíláàsì tí pátákó nìkan pààlà rẹ̀ pẹ̀lú tiyín, gbogbo rẹ̀ ń wọlé wá bá yín. Ariwo sì máa ń kọ́kọ́ jẹ àwọn ìró tín-ín-rín bíi f àti s. Ẹ ń ṣe àpèkọ, ẹ pe "fá," ọmọ tó wà lẹ́yìn kọ "sá," ẹ sì rò pé kò kàwé nílé.

Nílùú New York, Arline Bronzaft àti Dennis McCarthy gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 1975 nípa ilé ẹ̀kọ́ kan ní Manhattan tí ọkọ̀ ojú irin ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn ọmọ tí kíláàsì wọn kọjú sí ọ̀nà ọkọ̀ kò mọ ìwé kà tó àwọn tó wà ní ẹ̀yìn ilé kan náà. Nígbà tó yá, wọ́n fi rọ́bà sábẹ́ irin, wọ́n fi ohun tó ń fa ariwo mu sí àjà kíláàsì. Nígbà tí Bronzaft tún wò wọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ìyàtọ̀ náà kò sí mọ́. Kò sẹ́ni tó tan ìró omi fún wọn.

Ẹ̀yin kò ní owó àjà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú sílípáàsì gbígbó kan wá, kí kápẹ́ńtà gé e wẹ́wẹ́, kó kan án mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Kíláàsì tí bẹ́ǹṣì kò fi ń ké mọ́ lórí sìmẹ́ńtì ti dín ìdajì ariwo rẹ̀ kù, lójú tèmi. Aṣọ ńlá tí ẹ bá ta sí ara ògiri ẹ̀yìn á mu díẹ̀ nínú ìró tó ń ta padà. Kéréètì ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò dá ariwo òde dúró, eku ló ń fẹ́ràn rẹ̀. Bí òjò bá sì dé sórí páànù yín, ẹ má bá a jà. Kò sí olùkọ́ tó lè borí òjò. Ẹ ní kí wọ́n gbé orí lé bẹ́ǹṣì kí wọ́n gbọ́ ọ; òjò gidi ní òpin, á máa dín kù, á di ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan láti etí òrùlé. Kò sí sípíkà tó mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan méjì kékeré. Ẹ sọ fún àwọn òbí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí agogo àti ìdijú lè di ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ọmọ tó bá délé. Òbí kan wá bá mi rí pé mò ń pe òrìṣà sí ọmọ òun lórí; mo ní kó jókòó sí kíláàsì, mo lu agogo, òun ló na ìka kẹ́yìn. Ìkejì, bí ọmọ kan bá ń di etí tàbí tó ń sunkún sí ìró tó dùn mọ́ àwọn yòókù, ẹ má fi ipá mú un. Etí àwọn ọmọ kan ń gba ìró bí ẹni pé wọ́n ta wọ́n ní abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí i, tàbí kó jẹ́ òun ló máa lu agogo. Ìró tí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá kì í sábà já a láyà.

Ní ti HM yín, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ní kí wọ́n wá jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì bí àwọn ọmọ bá ti ń wọlé láti bíréèkì. Ẹ lu agogo lẹ́ẹ̀kan, ẹ kùn bí oyin lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ kùn orúkọ mẹ́ta, ẹ ṣí ìwé. Gbogbo rẹ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Sípíkà náà kò ṣòfò: ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ gba ohùn ìyá àgbà kan tó mọ àlọ́ pa sórí fóònù, kí ẹ gbé e sáàárín wọn, kí ohùn rẹ̀ kéré débi pé wọ́n á ní láti sún mọ́ ọn kí wọ́n tó gbọ́.